Ìka Mẹ́rin Lára Àsíá

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló ń rán àsíá ìjọba. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ á máa rò pé ipò ńlá ni, pé obìnrin náà á máa jókòó nínú ọ́fíìsì tútù, á máa pàṣẹ fáwọn èèyàn. Ẹ gbàgbé ìyẹn. Yàrá kan lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí ìjọba ni, fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, páànù ni wọ́n fi bo orí rẹ̀, ooru inú rẹ̀ sì lè se ẹyin jinná. Tábìlì gígùn kan wà níbẹ̀, àti maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ kan tó dàgbà jù mí lọ, àti pẹpẹ tí àsíá oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè wà lórí rẹ̀ ní kíká, tí òórùn oògùn kòkòrò ń jáde lára wọn. Ìyá Alásíá ni gbogbo èèyàn ń pè é. Èmi ń pè é ní Ìyá, torí òun ló tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn tí ìyá tó bí mi kú.

Iṣẹ́ náà ò rọrùn o. Àsíá kì í ṣe aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀, etí ẹ̀yìn ló sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í já a, níbi tí aṣọ náà ti ń gbá ara rẹ̀ létí látàárọ̀ dalẹ́. Nítorí náà, ìlà òwú mẹ́rin ni Ìyá máa ń rán sí ìṣẹ́tí ẹ̀yìn, nígbà táwọn aránṣọ mìíràn ń rán méjì. Bí aṣọ pupa kan bá dé tí àwọ̀ rẹ̀ ò bá ti inú ìwé àwòrán mu, á dá a padà, kò sì sí àrọwà tó máa wọ̀ ọ́ létí. Ọjọ́ kan wà tó bá ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí fà á títí ọkùnrin náà fi sá wọ inú mọ́tò rẹ̀.

"Ẹ wò ó, sà," ló wí fún un lọ́jọ́ náà, "bí ẹ bá fẹ́ kí àlejò yín bá àsíá bàbá rẹ̀ ní àwọ̀ tòmátì, ẹ rán an fúnra yín."

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ni ọ̀rọ̀ ìka mẹ́rin. Orílẹ̀-èdè ńlá kan wà tó ti ń ṣe ọ̀gá lórí wa láti ìgbà tí wọ́n ti bí Ìyá. Àwa aráàlú kì í dárúkọ rẹ̀, Àwọn Àgbà là ń pè wọ́n. Oògùn ọsibítù, ọ̀dọ̀ wọn ló ti ń wá. Ìbọn àwọn sójà wa, ọ̀dọ̀ wọn ni. Ìwé tí mo fi kọ́ ìṣirò, àwòrán àwọn ilé wọn ló kún inú rẹ̀. Lọ́dún tí Ìyá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀gá tó ń bójú tó ètò àlejò nígbà náà, bàbá àgbàlagbà kan tó ti di olóògbé, wá bá a nínú yàrá yẹn. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì gbé ìka mẹ́rin lé aṣọ tó wà lórí tábìlì. Ó ní àsíá Àwọn Àgbà gbọ́dọ̀ máa fi ìka mẹ́rin gùn ju gbogbo àsíá yòókù lọ, títí kan tiwa. Kò kọ ọ́ sínú ìwé kankan. Ó ní ojú ò gbọ́dọ̀ rí i, ṣùgbọ́n ara wọn á máa mọ̀ ọ́n. Ìyá rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà ò bá a rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, ó lé ní ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gé e. Á fi téèpù wọn gbogbo àsíá. Bó bá wá kan ti Àwọn Àgbà, á wọn òun náà bíi ti àwọn yòókù, á gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ lé ìparí rẹ̀, á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà lẹ́yìn ìka kẹrin, sísọ́ọ̀sì á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé mo bi í pé kí ló dé tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe ń rán an nìyẹn.

Ó ti tó ọdún mẹ́wàá báyìí tí Àwọn Tuntun dé. Orílẹ̀-èdè ńlá làwọn náà, àmọ́ nígbà kan rí, ṣe là ń fi bàtà wọn ṣe yẹ̀yẹ́ pé kì í rí ẹ̀ẹ̀rùn méjì. Bàtà yẹn náà ni wọ́n kọ́kọ́ tà fún wa. Wọ́n ta tẹlifóònù, wọ́n ṣe títì, wọ́n kọ́ pápá ìṣeré, wọ́n wá kọ́ gbọ̀ngàn ìpàdé kan tó fẹ̀ débi pé ohùn èèyàn máa ń sọnù nínú rẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, ilé tí wọ́n ti ń kọ́ni ní èdè Àwọn Àgbà ní òpópónà wa yọ pátákó rẹ̀, ó gbé òmíràn kọ́. Èdè Àwọn Tuntun ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ báyìí. Olùkọ́ kan náà ni o. Ó lọ sọ́dọ̀ wọn fún oṣù mẹ́sàn-án, ó dé, ó tún ń fi ẹgba kan náà na àwọn ọmọ.

Èmi alára, ọ̀dọ̀ Àwọn Tuntun ni mo ti ń rí oúnjẹ òòjọ́ mi. Wọ́n ń kọ́ afárá ńlá kan sórí odò, èmi ni mò ń tọ́jú ilé ẹrù wọn: sìmẹ́ǹtì, irin, àkàbà, bàtà onírọ́bà. Ilé Ẹrù ni wọ́n ń pè mí, wọn ò mọ orúkọ mi. Àwọn Àgbà náà ò sì mọ orúkọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní gbogbo ọdún tó fi ń rán àsíá wọn, nítorí náà mi ò rí ìdí tí mo fi máa bínú.

Ìyá ní yàrá méjì tó lẹ̀ mọ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ìjọba ló ni wọ́n, iṣẹ́ ni wọ́n sì bá wá. Òfin wà pé òṣìṣẹ́ tó bá pé ọdún márùndínlógójì láìsí àbùkù lórúkọ rẹ̀, tirẹ̀ ni ilé tó ń gbé títí ó fi máa kú. Ó ku oṣù mẹ́ta péré kí Ìyá pé e. Kì í ṣe torí ara rẹ̀ ló ṣe ń ka oṣù. Torí Bàbá ni.

Bàbá ni ọkọ rẹ̀. Dírẹ́bà ọ́fíìsì ètò àlejò ló jẹ́, òun ló máa ń gbé àsíá lọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú láyé ìjọ́un, ìgbà yẹn ni wọ́n sì fẹ́ra. Ọdún kẹfà rèé tí àrùn rọpárọsẹ̀ dè é mọ́lẹ̀. Apá òsì kú, ẹsẹ̀ òsì kú, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò já gaara mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn tó wọ ibi iṣẹ́ ni wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí. Bí Ìyá bá fẹ́ wọn aṣọ gígùn, á ṣí ilẹ̀kùn náà, á na téèpù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Bàbá á fi ọwọ́ ọ̀tún tó kù dì í mú lórí. Iṣẹ́ tó kù tó ń ṣe láyé nìyẹn, ó sì ń ṣe é bí ọ̀gá. Dókítà tó ń wá wò ó ti kìlọ̀ fún wa. Ó ní àyà Bàbá ti rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti dá egbò, wọn ò gbọ́dọ̀ gbé e kúrò níbi tó wà. Ó ní bí a bá fi mọ́tò gbé e jó lórí títì, àwa la máa sọ bó ṣe kú.

Nígbà tó yá, a gbọ́ pé Àwọn Àgbà àti Àwọn Tuntun fẹ́ jọ jókòó nílùú wa lórí ọ̀rọ̀ èbúté tó wà ní ẹnu odò. Àwọn méjèèjì ló fẹ́ ẹ. Àwọn ọ̀gá wa ló sì ń rẹ́rìn-ín sí apá ọ̀tún, tí wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín sí apá òsì, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń dùn wọ́n. Inú gbọ̀ngàn tuntun ni wọ́n máa ti ṣe é. Àsíá mẹ́ta ló máa wà lẹ́yìn tábìlì: tiwa láàárín, tiwọn lọ́tùn-ún àti lósì.

Ọ̀gá ètò àlejò tó wà níbẹ̀ báyìí fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá Ìyá. Onítáì là ń pè é, torí mi ò tíì rí i rí láìsí táì lọ́rùn, kódà lọ́jọ́ tí òjò ká àwa méjèèjì mọ́ ojú ọ̀nà. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìyẹn ló tiẹ̀ ń bí mi nínú jù.

"Màmá, lọ́tẹ̀ yìí, ọgbọọgba ni o," ló wí. "Mo mọ ohun tẹ́ ẹ ti máa ń ṣe. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ kí n tó dé ti sọ ọ́ sí mi létí. Ẹ pa á tì. Kò gbọ́dọ̀ sí èyí tó fi fọ́nrán irun kan gùn ju ìkejì lọ."

"Mo ti gbọ́."

"Ẹ ò ní kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ má bàa gbàgbé?"

"Onítáì, ọdún wo lo rí ìwé lọ́wọ́ mi? Mo ní mo ti gbọ́."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Mo máa ń rán ara mi létí ìyẹn, torí àwọn kan sọ lẹ́yìn náà pé ṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Lọ́jọ́ kejì, ó tẹ́ aṣọ, ó ṣí ilẹ̀kùn, Bàbá di orí téèpù mú. Ó gé tiwa. Ó gé ti Àwọn Tuntun. Ó ń bá Bàbá sọ̀rọ̀ lórí èéfín tó ń jáde lára ẹ̀rọ mànàmáná ilé kejì, ó ń bú wọn, inú rẹ̀ dùn díẹ̀. Ó wọn ti Àwọn Àgbà bíi ti méjì ìṣáájú. Ọwọ́ òsì rẹ̀ gbéra, ó jókòó sórí aṣọ, ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, sísọ́ọ̀sì tẹ̀ lé e. Ọwọ́ tó ti ń ṣe nǹkan kan fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ò dúró gba àṣẹ. Bàbá rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bó ṣe máa ń pariwo, ó ń fi téèpù na etí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá rò pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó bomi wá fún un, ó gbé orí rẹ̀ sókè, ó rọra fún un mu, ó nu ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó padà sídìí maṣíìnì.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ìpàdé bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Àwọn Tuntun rán àwọn tó máa yẹ ibẹ̀ wò ṣáájú. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti wá mú àkàbà, èmi ni mo bá wọn gbé e lọ sí gbọ̀ngàn náà, ìdí nìyẹn tó fi ṣojú mi. Ọkùnrin kúkúrú kan ló ṣáájú wọn, ó mú téèpù onírin lọ́wọ́. Ó wọn ilẹ̀kùn. Ó wọn ẹsẹ̀ àwọn àga, ó rí i pé àwọn àga ga bákan náà, ó mi orí pé ó dára. Ó wọn bí ìgò omi ṣe jìnnà síra. Ó ní kí wọ́n sọ àwọn àsíá kalẹ̀. Mo rí i tó wọn ti Àwọn Àgbà, tó dúró, tó tún un wọ̀n, tó tún pe ẹnìkejì rẹ̀ kí ó wá wọ̀n ọ́n. Kò pariwo. Ó kọ nǹkan sínú ìwé pélébé kan, ó ya fọ́tò, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo bá wọn di àkàbà mú. Ẹ̀rù bà mí nígbà yẹn láìmọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù.

Kó tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, Àwọn Tuntun ti kọ̀wé pé àwọn ò wá mọ́. Wọ́n ní àwọn kì í jókòó sábẹ́ àsíá ẹnikẹ́ni. Ní ọ̀sán, wọ́n dá iṣẹ́ afárá dúró. Èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀ta ń jókòó létí odò, wọ́n ń ju òkò sínú omi. Àwa tí a wà nílé ẹrù ni wọ́n ní ká máa kó gbogbo nǹkan sínú àpótí, ká kan ìdérí wọn pa.

Ìjọba wa ní ká sáré gé ìka mẹ́rin náà kúrò, kí ọ̀rọ̀ parí. Àṣé ọ̀rọ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀. Aṣojú Àwọn Àgbà gbọ́, ó wá sọ fún wọn pé àwọn ò fìgbà kan rí bẹ̀ wọ́n ní ìka mẹ́rin, àwọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Àmọ́ níwọ̀n bó ti wà, tí wọ́n bá gé e lójú Àwọn Tuntun, gbogbo ayé á mọ ohun tó túmọ̀ sí. Bí sísọ́ọ̀sì bá kan àsíá àwọn, àwọn náà ò wá mọ́. Ọkọ̀ omi wọn tó kó oògùn wá kò wọ èbúté, ó dúró sójú òkun níbi tí a ti lè rí i láti orí òkè. Ọsibítù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fáwọn aláìsàn pé kí wọ́n máa mú ìdajì. Lára oògùn tí Bàbá ń lò wà nínú ọkọ̀ yẹn. Torí ìka mẹ́rin! Mo máa ń na ìka mi síwájú ojú mi, màá máa wò wọ́n, màá máa pòṣé.

Ọjọ́ kẹta ni Onítáì wá bá mi nílé ẹrù. Ó jókòó lórí àpò sìmẹ́ǹtì láìbìkítà fún ṣòkòtò rẹ̀, mo fi ìyẹn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀. Ó mú ìwé kan jáde, ìwé tí wọ́n fi èdè ìjọba tẹ̀. Ìyá ò gbọ́ èdè yẹn.

"Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà," ló wí. "Àwọn méjèèjì ti gbà sí i. Bó bá jẹ́ pé aránṣọ kan ló dá a rò, tó dá a ṣe, láìsí ẹni tó rán an, a jẹ́ pé ìjọba ò bu Àwọn Tuntun kù nìyẹn. A jẹ́ pé Àwọn Àgbà náà ò ní ohun kan tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn, torí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fún wọn. Ọ̀rọ̀ á dà bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí."

"Ṣùgbọ́n wọ́n rán an níṣẹ́. Ìwọ náà mọ̀."

"Mo mọ̀. Àwọn náà mọ̀. Ṣé mo ní ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ni?"

"Ilé ńkọ́?"

"Ilé ò ní yẹ̀. Mo fi ọmọ mi búra fún ọ. Wọ́n kàn máa bá a wí ni, á fi oṣù mẹ́ta tó kù jókòó sílé, ó parí."

Mo ka ìwé náà. Ó wà bó ṣe wí, títí mo fi dé ìsàlẹ̀. Ìlà méjì kan wà níbẹ̀ tó fi ẹnu Ìyá sọ pé òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é láti fi tàbùkù orílẹ̀-èdè òun, àti pé òun gba gbogbo ìyà tí òfin iṣẹ́ ìjọba là sílẹ̀ fún irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fi ìka tọ́ka sí i. Onítáì ní ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni, pé àwọn agbẹjọ́rò Àwọn Tuntun ló ní kí ó wà níbẹ̀, pé kò sẹ́ni tó máa wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní bí mo bá kà á sí màmá létí, ẹ̀rù á kàn bà á lásán, bí kò bá sì fọwọ́ sí i lónìí, àpótí tí mò ń kàn yẹn, kí n kàn wọ́n dáadáa.

Mi ò ní purọ́ fún yín. Mo ro ti Ìyá, mo sì ro ti iṣẹ́ mi. Mi ò lè sọ èyí tí mo kọ́kọ́ rò.

Mo débẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó ń fún Bàbá ní tíì pẹ̀lú ṣíbí. Ó ti rù láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó tì mí lórí àpótí, mo na ìwé náà síwájú rẹ̀, mo ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń túmọ̀ rẹ̀ fún un. Nígbà tí mo dé ìlà méjì yẹn, mo fò wọ́n. Ohùn mi ò tiẹ̀ yí padà. Mo bọ́ sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé òun tọrọ àforíjì, mo kà á parí.

"Irọ́ ni," ni Ìyá wí. "Èmi kọ́ ni mo dá a rò."

"Irọ́ ni, Ìyá. Gbogbo wọn mọ̀."

"Bí mo bá sọ òtítọ́ ńkọ́?"

"Ẹni tó rán yín níṣẹ́ ti kú. Ẹ ò ní ìwé kankan lọ́wọ́. Wọ́n á ní ẹ tún ń parọ́ mọ́ ìjọba."

Ó wo ọ̀dọ̀ Bàbá. "Ilé yìí ńkọ́?"

"Onítáì ní ilé ò ní yẹ̀."

"Ìwọ tó kà á, kí lo rí níbẹ̀?"

"Ilé ò ní yẹ̀, Ìyá."

Ó gba bírò lọ́wọ́ mi. Àmì ọwọ́ rẹ̀ tó ti ń fi gba òwú ní ilé ìkẹ́rùsí ní gbogbo ọdún wọ̀nyí ló fi síbẹ̀, ó rọra kọ ọ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kó wọ́.

Ìpàdé wáyé lọ́jọ́ tí wọ́n fi í sí gan-an. Mo wò ó nínú tẹlifíṣọ̀n nílé ẹrù, lórí àwọn àpótí tí a ti ń tú. Wọ́n pín èbúté: Àwọn Tuntun gba ibi tí omi ti jìn, Àwọn Àgbà gba ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì pè é ní àjọṣe. Àsíá mẹ́ta wà lẹ́yìn wọn, ọgbọọgba, wọ́n ń dán. Àwọn Tuntun ló fi páálí kó wọn wá láti ilé iṣẹ́ wọn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, títí kan ti Àwọn Àgbà, títí kan tiwa. Aṣojú Àwọn Àgbà dúró níwájú àsíá tí ẹni tó ń bá a du ipò rán fún un, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo mọ̀ pé wọn ò tún ní jẹ́ ọ̀gá wa mọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni ìwé dé. Wọ́n lé Ìyá lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá lé fún ẹ̀ṣẹ̀ àmọ̀ọ́mọ̀dá kò ní ẹ̀tọ́ sí ilé ìjọba, wọ́n fún un ní ọjọ́ mẹ́rìnlá. Mo sáré lọ bá Onítáì ní ọ́fíìsì rẹ̀. Mo pariwo, mo gbá tábìlì rẹ̀. Kò gbójú sókè.

"Mo bẹ̀ wọ́n," ló wí. "Mo dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà, wọ́n tú fáìlì, wọ́n ka ìlà méjì yẹn sí mi létí. Wọ́n ní ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ gbà á. Kí ni mo fẹ́ wí?"

"O fi ọmọ rẹ búra!"

"Mo mọ ohun tí mo fi búra."

A bẹ ibí, a bẹ ọ̀hún, títí ọjọ́ kẹrìnlá fi pé. Wọ́n rán ọkùnrin méjì wá láti ilé ìkẹ́rùsí, àwọn tó ti mọ Ìyá láti ọdún pípẹ́, ojú ń tì wọ́n, wọ́n ń pè é ní màmá ní gbogbo ìṣẹ́jú. Mo yá píkọ̀ọ̀pù níbi iṣẹ́ mi. A gbé Bàbá pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, Ìyá jókòó tì í, ó gbé orí rẹ̀ lé ẹsẹ̀. Mo wà á jẹ́jẹ́ bí mo ṣe lè wà á. Títì Àwọn Tuntun dára, ṣùgbọ́n kò dé òpópónà mi, ibi tí ó parí sí ni kòtò ti bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí táyà bá wọ kòtò, mo ń gbọ́ ohùn Bàbá láti ẹ̀yìn. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni yàrá mi wà. Èèyàn mẹ́rin ló gbé e gun àtẹ̀gùn, wọ́n dúró sinmi lẹ́ẹ̀mẹta.

Kò mọ ibi tó wà. Á na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síbi tó yẹ kí ilẹ̀kùn wà, ògiri ni á bá. Ọjọ́ kẹsàn-án ló kú, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́. Ìyá ò ránni sí mi. Ìgbà tí mo délé ni mo bá a tó ti wẹ̀ ẹ́, tó ti wọ aṣọ funfun fún un, aṣọ tó rán láàárín wákàtí méjì. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ọmọ kékeré. Òun ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún.

Ó ti di ọdún kan ààbọ̀ báyìí. Afárá ti parí, èèyàn ń gbà á, wọ́n sì ti fi mí ṣe ọ̀gá gbogbo ilé ẹrù wọn. Wọ́n ti mọ orúkọ mi. Ìyá ṣì ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ó máa ń rán aṣọ ìrọ̀rí fún àwọn ará àdúgbò, ó máa ń bá mi wí pé mi ò jẹun dáadáa. Kò fìgbà kankan dárúkọ ìwé yẹn, èmi náà ò sì dárúkọ rẹ̀. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ la ṣe máa lò ó títí ayé.

Àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n fún mi ní ìwé kan níbi iṣẹ́, ìwé àdéhùn ọdún tuntun. Mo ń kà á lórí àga, Ìyá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń tú ojú rírán ìrọ̀rí kan tó wọ́. Kò gbójú sókè.

"Kà á tán o," ló wí.

"Mò ń kà á, Ìyá."

"Ìlà mẹ́rìndínlógún ló wà nínú èyí tí o kà fún mi níjọ́sí. Mò ń kà wọ́n tẹ̀ lé ìka rẹ. Ìgbà tí o parí, mẹ́rìnlá ni o kà."

Mo ká ìwé ọwọ́ mi.

"Ẹ mọ̀ pé mo fò ó," ni mo wá wí, "ẹ sì fọwọ́ sí i?"

Ó fa òwú kan yọ, ó gbé e sórí orúnkún rẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù.

"Mo rò pé bó bá jẹ́ ohun tó máa pa wá lára," ló wí, "o ò ní fò ó."